Torí Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin, Ó Jẹ́ Kí Wọ́n Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Àjẹ́

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́. Mo bi í pé ṣé kí n fi orúkọ míì bò ó láṣìírí, ó ní rárá, ojú ti ti òun tán, kò sí èyí tó tún kù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Adéyanjú lorúkọ rẹ̀, Parsloes ní London ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá ná.

Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ń bá a gbé, pẹ̀lú Mìdé ọmọ wọn kékeré, àti ìyá Adéyanjú tí wọ́n mú wá láti Abẹ́òkúta kó lè bá wọn tọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ Abímbọ́lá ni kó máa wakọ̀ láti ilé arúgbó kan dé òmíràn, á wẹ̀ fún wọn, á fún wọn lóúnjẹ, á fún wọn lóògùn. Bí kò bá sí ọkọ̀, kò sí iṣẹ́ nìyẹn.

Nínú ìjọ aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Chadwell Heath, Injiníà ni gbogbo èèyàn ń pe Adéyanjú. Ṣé ó kàwé injiníà ni? Kò kà á. Ṣé ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni? Ó tì o. Ó ń to páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham ni. Ohun tó sọ ọ́ di Injiníà ò ju pé ọkọ̀ Olùṣọ́àgùntàn kọ̀ láti sítáàtì lọ́jọ́ Sunday kan. Adéyanjú gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó rí i pé wáyà bátìrì ti yọ, ó tẹ̀ ẹ́ padà. Ọkọ̀ sítáàtì. Ìyá Ìjọ pariwo Hàlelúyà, orúkọ bá a gbé.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu Adéyanjú ò dákẹ́ mọ́. Bí ìsìn bá ti parí, á dúró láàárín àwọn ọkùnrin nínú ọgbà ìjọ, á máa kọ́ wọn ní ohun tí òun náà ò mọ̀.

"Ẹ́ńjìnnì tó bá ní tọ́bò, ẹ má fi ṣeré o," ni yóò wí. "Ẹwìrì ni tọ́bò. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ná, bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́bò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì."

Ìyẹn dáa, ó ti gbọ́ ọ níbì kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá bi í pé irú púlọ́ọ̀gì wo ló yẹ kéèyàn rà sí ọkọ̀ tó ní tọ́bò, á fọwọ́ dà á nù.

"Púlọ́ọ̀gì ni púlọ́ọ̀gì! Ohun tó ń ṣáná lásán ni. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń fi orúkọ ńláńlá tàn yín jẹ."

Wọ́n á mi orí. Injiníà ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ Abímbọ́lá tó àkókò àtiṣe, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Lùkmọ́nù, mẹkáníìkì kan ní Barking. Lùkmọ́nù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbó.

"Ìyá Mìdé, ẹ má ra èyí tẹ́ ẹ bá sáà ti rí o," ló wí. "Tọ́bò máa ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì gbóná gan-an. Púlọ́ọ̀gì tó ń tètè lé ooru dànù ló yẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ là jù, torí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ iná rẹ̀ pa bí ẹni fẹ́ àbẹ́là."

Ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà béèrè èyí tó bá a mu gẹ́ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó o wá fún un, Abímbọ́lá sanwó rẹ̀. Ó wá fẹ́ fi í sí i.

"Rárá o," Abímbọ́lá ní. "Ẹ kó o fún mi. Ọkọ mi á fi í sí i. Mo ní Injiníà nílé, kí n wá máa gbé ọkọ̀ kiri? Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ?"

Ẹ ò rí ìfẹ́? Torí kí ọkọ rẹ̀ lè gbayì ló ṣe kó púlọ́ọ̀gì wálé. Lùkmọ́nù kó o fún un.

Àṣé ọkọ̀ Adéyanjú fúnra rẹ̀ náà ń wúkọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn. Ti Abímbọ́lá kéré, ó rí roboto. Ti Adéyanjú gùn, ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń fọ̀ ọ́ ju bó ṣe ń wẹ ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, á ta gìrì, á fà sẹ́yìn, á tún ta gìrì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé Àpọ́sítélì àgbà ìjọ wọn ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ta ni yóò lọ gbé wọn ní Heathrow? Olùṣọ́àgùntàn wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Injiníà ni yóò lọ," ló ní. "Ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì mọ ìdí ọkọ̀."

Orí Adéyanjú wú. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ béèrè púlọ́ọ̀gì, wọ́n ní irú èyí tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń lò ò sí nílẹ̀, àfi kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àpọ́sítélì ò sì lè dúró sójú ọ̀run di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe òun ló ní púlọ́ọ̀gì ni púlọ́ọ̀gì? Nígbà tó kan ọkọ̀ tirẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó mọ èyí tó dáa.

Ní àárọ̀ Sátidé, Abímbọ́lá wọ bọ́ọ̀sì lọ ra èlò ọbẹ̀ ní Barking. Ìyá Adéyanjú wà lókè pẹ̀lú Mìdé. Ọkọ̀ méjèèjì wà níwájú ilé, bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ṣí sílẹ̀. Adéyanjú dúró láàárín wọn, páálí púlọ́ọ̀gì tí ìyàwó rẹ̀ rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń dán, tí ẹnu wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

Èṣù ò pariwo. Ohùn tó fi bá Adéyanjú sọ̀rọ̀, ohùn Adéyanjú náà ni.

"Kí ni ọkọ̀ tí kò rìn kọjá ilé arúgbó sílé arúgbó fẹ́ fi irú púlọ́ọ̀gì yìí ṣe? Màá kàn yá a ni. Bí Àpọ́sítélì bá ti lọ, màá dá a padà. Ṣé èèyàn ń jí nǹkan ìyàwó rẹ̀ ni?"

Ló bá kó púlọ́ọ̀gì ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó wá lọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé, ó tú àpótí kan, ó rí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó kù lára ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tà, ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò rárá. Ó fi wọ́n wé ihò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Abímbọ́lá. Wọ́n wọlé. Ó yí wọn, wọ́n fún pinpin. Adéyanjú ní kí ló tún kù? Bàtà tó bá ti wọ ẹsẹ̀, ó ti bá a mu nìyẹn.

Abímbọ́lá dé.

"Bàbá Mìdé, ṣé ẹ ti fi í sí i?"

"Mo ti fi í sí i. Wá gbọ́ bó ṣe ń dún."

Ó sítáàtì rẹ̀ lórí ìdúró, ó dún jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì tẹ̀ sáré, kí ni yóò wí? Abímbọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, olówó orí mi."

Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló bù fún un lọ́jọ́ náà. Adéyanjú jẹ ẹ́, ó tún fa eegun rẹ̀.

Nígbà tó gbé Àpọ́sítélì láti Heathrow nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ò ta gìrì rárá. Bàbá fẹ̀yìn tì níwájú, ó ní, "Injiníà, ọkọ̀ yín ń lọ bí omi. Irú ọwọ́ wo lẹ fi ń tún un ṣe?"

"Bàbá, oore-ọ̀fẹ́ ni."

Oore-ọ̀fẹ́! Lọ́jọ́ kejì, Àpọ́sítélì sọ ọ́ níwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Injiníà náà ni yóò máa gbé Bàbá kiri títí wọ́n á fi padà sí Nàìjíríà. Bó ṣe di pé ohun tó ní òun yá ò ṣeé dá padà mọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Monday ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Abímbọ́lá wọlé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Bàbá Mìdé, ọkọ̀ yẹn ń ta kìjí. Tí mo bá rọra ń lọ, kò ní ṣe nǹkan kan. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú."

"Ẹsẹ̀ ẹ ni. Ẹsẹ̀ ẹ ti wúwo jù."

"Iná kan tó láwọ̀ ọsàn tún ń ṣẹ́jú níwájú mi."

"Kí lo ń wò ó sí? Ojú ọ̀nà ni kó o máa wò."

Ó gbìyànjú kó fẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ wakọ̀. Ọkọ̀ ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ já sí ráńdábáòtù Becontree Heath, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè kọjá, ọkọ̀ náà hó, ó lu kò-kò-kò, ó sì kú síbẹ̀. Lọ́rì ńlá kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fun fèrè. Abímbọ́lá yí kọ́kọ́rọ́, ó tún yí i, ó pẹ́ kí ọkọ̀ tó sítáàtì. Bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Aaron ń dúró dè é nílé láìjẹun, láìlo oògùn. Nígbà tó máa débẹ̀, bàbá náà ti ń sunkún.

Michelle tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pè é.

"Abímbọ́lá, mo fẹ́ràn ẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ẹ ò bá dáa, màá ní láti gbé àwọn arúgbó yẹn fún ẹlòmíràn."

Ó délé, ó ní, "Mò ń gbé ọkọ̀ yìí lọ bá Lùkmọ́nù."

Adéyanjú sáré dìde lórí àga. Bí Lùkmọ́nù bá fi lè yọ púlọ́ọ̀gì kan péré, ó parí.

"Lùkmọ́nù kẹ̀? Èmi tí mo wà níbí ńkọ́? Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Mìdé, eléyìí kì í ṣe ojú lásán."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́! Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé tí a bá ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ aládùúrà, ìdí ọkọ̀ kọ́ ni yóò máa wò mọ́, ìdí èèyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá yìí ti dé London, bí Abímbọ́lá bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á tẹ̀ lé e jáde, á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, á máa súre wúyẹ́wúyẹ́ títí á fi ṣe àmín. Òjò ì báà máa rọ̀, ìyá á jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn.

Wùnmí, ọ̀rẹ́ Abímbọ́lá ní ìjọ, máa ń bá a wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wo ìyá lójú dígí.

"Abímbọ́lá, kí ni Màmá ń wí sí ọkọ̀ ẹ?"

"Wọ́n ń gbàdúrà ni."

"Àdúrà tí a kì í gbọ́? Ìwọ náà rò ó wò. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn láràárọ̀ ló ń kú sójú títì. Ti ọmọ wọn, tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ń lọ bí omi."

"Wùnmí, dákẹ́! Màmá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, kò sì jáde mọ́. Lálẹ́, Abímbọ́lá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú o, Bàbá Mìdé. Ohun tó ń dà mí láàmú ni mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ rò pé Màmá... ṣé wọ́n lè mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níbí. Gbogbo ohun tó kù ni kó ní, "Ìyàwó mi, èmi ni mo ṣe é, dárí jì mí." Abímbọ́lá ì bá bínú, ì bá pariwo, ì bá má bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní pa á. Adéyanjú mí kanlẹ̀.

"Àgbàlagbà ni wọ́n," ló wí. "Ta ló mọ inú àgbà? Mi ò ní sọ pé kó o má ṣọ́ra."

Mo ní kó tún un sọ fún mi nígbà tó ń ròyìn, torí mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ. Ìyá tó pọ̀n ọ́n dàgbà o! Ó fi ìyá rẹ̀ ṣe àwáwí nítorí púlọ́ọ̀gì.

Láti ọjọ́ náà, ilé yí padà. Abímbọ́lá ní kí Màmá má jáde síbi ọkọ̀ mọ́, òtútù á mú wọn. Ó ń gbé Mìdé lọ sílé Wùnmí, ó ní kí Màmá máa sinmi. Ìyá náà ń jẹun lókè, òun nìkan. Wọ́n fa ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù tí yóò fi padà sílé sún mọ́tòsí. Nígbà míì, ìyá á sọ̀ kalẹ̀, á wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, á ní, "Yanjú, ṣé kò sí?" Adéyanjú á ní kò sí o, Màámi. Ìyá á tún gòkè lọ.

Gbogbo ìjọ ti gbọ́. Ẹ sì mọ̀ bí ìròyìn ṣe ń rìn láàárín wa: kí bàlúù rẹ̀ tó balẹ̀, orúkọ àjẹ́ á ti ṣáájú rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọmọlúwàbí ni wọ́n fẹ́ dá padà pẹ̀lú orúkọ tí kò ṣeé fọ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè gbà á sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń gbé Àpọ́sítélì kiri.

Sunday dé, èyí tí Àpọ́sítélì máa fi ṣe ìdágbére. Àwọn ọkùnrin lápá kan, àwọn obìnrin lápá kan, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ìsìn ti gbóná nígbà tí ẹ̀mí gbé Aríran Moṣọpẹ́. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó pariwo.

"Mo rí ọkọ̀ kékeré kan! Mo rí ibi tí iná ti ń tàn nínú rẹ̀! Ohun tó wà níbẹ̀, tirẹ̀ kọ́! Ọwọ́ ará ilé ló gbé e síbẹ̀!"

Adéyanjú ti máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìran Aríran yìí kì í ṣẹ. Lọ́jọ́ náà, òógùn bò ó.

Bí ìsìn ṣe parí, wọ́n rọ́ jáde sí ọgbà ìjọ, wọ́n yí ọkọ̀ Abímbọ́lá ká. Peter, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ibi tí iná ti ń tàn nínú ẹ́ńjìnnì? Púlọ́ọ̀gì nìyẹn!"

Àpọ́sítélì yíjú. "Injiníà dà? Bọ́ sí ìdí rẹ̀. Yọ wọ́n jáde, ká gbàdúrà lé wọn lórí."

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yẹn á ti gbóná," Adéyanjú ní.

"Láti àárọ̀ tá a ti wà nínú ìsìn?"

"Irinṣẹ́ mi ò sì sí nítòsí."

"Ó wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ yín," Peter ní. "Mo rí i nígbà tí mò ń bá yín gbé báàgì Bàbá. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí n lọ gbé e."

Orúkọ tó fẹnu ara rẹ̀ gbé kiri ló wá dè é mọ́lẹ̀. Injiníà wo ló máa sọ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ púlọ́ọ̀gì? Ó gba sípánà, ó tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì nínú sùtánà funfun, ó yọ ọ̀kan. Ara púlọ́ọ̀gì náà ti funfun, ó lé ròrò, ooru ti jẹ ẹ́.

Abímbọ́lá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò.

"Eléyìí kọ́," ló wí. "Èyí tí mo rà, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Eléyìí ki bí orí ìṣó."

"Yéè! Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀!" Wùnmí figbe ta. "Ọwọ́ ará ilé! Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?"

Ojú gbogbo èèyàn yí sọ́dọ̀ ìyá Adéyanjú, tó bá wọn wá sí ìsìn. Àwọn obìnrin tó dúró tì í fà sẹ́yìn. Ó ku òun nìkan lórí kọnkéré tútù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Ìyá," Àpọ́sítélì bi í, "ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?"

"Mo máa ń fọwọ́ kàn án, Bàbá."

Èrò hó yèè.

"Kí lẹ máa ń wí?"

"Mo máa ń ní kí Ọlọ́run mú ìyàwó mi lọ, kó tún mú un bọ̀."

"Ẹ jẹ́wọ́, Màmá!" ohùn kan pè látẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́wọ́ kó lè tán!"

Adéyanjú dúró síbẹ̀, sípánà tó fi ṣiṣẹ́ ibi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò wo ẹnì kankan nínú gbogbo wọn. Òun ló ń wò. Ó sọ fún mi pé òun mọ ohun tó yẹ kí òun sọ, pé ó ti dé ẹnu òun. Ohun tó wá jáde nìyí:

"Màámi, ẹ sáà tọrọ àforíjì. Kí ọ̀rọ̀ yìí tán nílẹ̀."

Ìyá di ara ọkọ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kì í jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ilé láìsinmi. Ó kúnlẹ̀ ọ̀kan, ó ń wá bí yóò ṣe kúnlẹ̀ èkejì.

Abímbọ́lá ni kò lè gbà á. Ó sáré dì í mú.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ dìde ná. Sípánà wo lẹ fi yọ ọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ìyá béèrè.

Abímbọ́lá gbójú sókè. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ dúdú tó ń dán lápá ibẹ̀ yẹn, èyí tí kì í wúkọ́ mọ́.

"Adéyanjú," ló wí. Kò tíì pe orúkọ yẹn báyìí rí láti ìgbà tó ti bímọ fún un. "Ṣí tìẹ."

"Ìyá Mìdé, jẹ́ ká délé..."

"Mo ní ṣí tìẹ!"

Kò ṣí i. Peter ló ṣí i. Ó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ ọ̀kan, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Wùnmí ń wo ilẹ̀. Àpọ́sítélì tó ti ń fi ọkọ̀ náà ṣe fàájì kiri London fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ tó gbayì náà.

Adéyanjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú sùtánà rẹ̀. "Màámi, ẹ dárí jì mí! Iṣẹ́ èṣù ni!"

"Má pa irọ́ mọ́ èṣù," ìyá ní. "Mo rí ọ. Mo wà lójú fèrèsé lókè, mo gbé Mìdé lọ́wọ́. Mo rí ọ bí o ṣe ń kó tibí sọ́hùn-ún."

Abímbọ́lá bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n gba ọmọ lọ́wọ́ yín!"

"Ọmọ mi ni," ìyá dáhùn. "Mi ò fẹ́ tú u láṣìírí lójú ìyàwó ẹ̀. Mo ní á sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Nígbà tí ẹ ní kí n má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́, mo ní á sọ ọ́. Nígbà tí ẹ fa tíkẹ́ẹ̀tì mi wá, mo ní á sọ ọ́. Lónìí tí wọ́n ní kí n jẹ́wọ́, mo ní ó tó, kò ní lè gbà kí wọ́n pè mí ní àjẹ́ níṣojú òun." Ó gbọn eruku sùtánà rẹ̀. "Òun ló wá ní kí n kúnlẹ̀."

Wọ́n bẹ ìyá. Ìjọ lódindi bẹ̀ ẹ́. Wùnmí wá sílé wọn, ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lùkmọ́nù tún ọkọ̀ Abímbọ́lá ṣe, Michelle ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abímbọ́lá ní kí wọ́n fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì, kí Màmá wà pẹ̀lú àwọn títí láé. Ìyá dì mọ́ ọn, ó súre fún un, ó ní rárá. Ó bá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Abímbọ́lá wà nílé ọkọ rẹ̀, kò lọ. Ó ń dáná, ó ń dáhùn. Kò tún pè é ní olówó orí òun mọ́.

Adéyanjú ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́. Ìyá máa ń gbé e, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyàwó, á ṣàdúrà. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá jẹ́ kó sun ún tán.

"Mo ti dárí jì ọ́, Yanjú, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti dárí jì ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ojú ẹ ni mo ń wò nígbà tí wọ́n yí mi ká. Mi ò lè tún máa jí rí ojú yẹn láràárọ̀."

Adéyanjú ní kí n bi ẹ̀yin òǹkàwé bóyá ọ̀nà kan wà tí òun lè gbà tí ìyá òun á fi padà wá. Mo ti bi yín. Tó bá jẹ́ èmi ni ìyá yẹn, mi ò ní padà.